Léètì Onígi àbí Léètì Onírin: Èwo Ló Yẹ fún Iṣẹ́ Gègé Ìkọ̀wé?

Ẹni tó bá fẹ́ máa fi igi ṣe báírò tà, owó ńlá tó máa kọ́kọ́ ná ni owó léètì. Tó bá ra èyí tí kò bá iṣẹ́ ẹ̀ mu, owó ti há nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí: a ó gé igi kékeré, bí apá, ìrókò tàbí igi osùn. A ó lu ihò sí i láàárín, mìlímítà 7 fún irú tó tẹ́ẹ́rẹ́, a ó sì fi góòmù lẹ páìpù idẹ mọ́ inú ẹ̀. Léètì á máa yí i, a ó máa fá a títí yóò fi rí bí a ṣe fẹ́. A ó fi sánpépà hó o, a ó kùn ún, ká tó wá tẹ àwọn ẹ̀yà onírin wọ inú ẹ̀.

Lórí léètì onígi, ọwọ́ la fi ń di ṣíṣẹ́lì mú, a ó gbé e lé irin tó wà níwájú igi náà. Ojú àti ọwọ́ ló ń pinnu ibi tó máa sanra àti ibi tó máa tín-ín-rín. Ìdí nìyí tó fi rọrùn láti fún gègé ní ìrísí lórí ẹ̀.

Ní ti léètì onírin, ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ló ń di ọ̀bẹ mú gírígírí, àwa kàn ń yí ọwọ́ ẹ̀ tó ní nọ́ńbà lára. Ihò á bọ́ sí àárín gan-an, a sì lè fi gé ojú ṣíkúrù. Ẹni tó fẹ́ fi idẹ tàbí ike líle ṣe gègé látòkè délẹ̀, tí ìdérí ẹ̀ á máa yí wọlé, òun ló nílò ẹ̀. Àmọ́ ìlà gbọọrọ lọ̀bẹ ẹ̀ ń tọ̀. Ìrísí tó tẹ̀ kọrọdọ máa ń gba wàhálà.

Ẹ ṣọ́ra o: eruku igi ń fa òróró ara irin mu, ó sì ń jẹ́ kó dípẹtà. Yanrìn ara sánpépà náà ń jẹ ojú irin. Tẹ́ ẹ bá gbẹ́gi lórí léètì onírin, ẹ fi nǹkan bo ojú irin ẹ̀, kẹ́ ẹ nù ún, kẹ́ ẹ sì fi òróró míì sí i. Ẹ má fọwọ́ lásán di ṣíṣẹ́lì mú níbi tí kò ti sí irin tẹ́ ẹ máa gbé e lé. Ẹ má wọ ìbọ̀wọ́ tàbí aṣọ ọlọ́wọ́ gbẹ̀rẹ̀ sídìí léètì kankan. Ẹ bo imú àti ojú. Eruku ìrókò máa ń yọ èèyàn lẹ́nu.

Ìmọ̀ràn wa: ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́. Tó bá jẹ́ báírò onígi lẹ fẹ́ tà, tí owó ò tó méjì, ẹ fi léètì onígi bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ṣíkúrù tó bá yọjú, ẹ gbé e fún àwọn oníléètì tó ń rọ ẹ̀yà mọ́tò, irú àwọn tó wà ní Pántẹ́kà, Kàdúná. Nígbà tí ọjà bá ń yá, ẹ lè wá ra èkejì.