Fáàmù Sẹ́túmẹ́ǹtì Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà

Fáàmù sẹ́túmẹ́ǹtì ni àwọn oko tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í dá ní 1959, kí ọ̀dọ́ tó kàwé lè máa gbé ibẹ̀, kí ó sì máa fi iṣẹ́ àgbẹ̀ jẹun. Ètò náà kò ṣẹ̀yìn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Kò pẹ́ tó fi hàn pé àwọn tí yóò jáde ìwé mẹ́fà máa pọ̀ ju iṣẹ́ ọ́fíìsì tó wà nílẹ̀ lọ, Ìbàdàn àti Èkó ni wọ́n sì máa forí lé.

Olóyè Akin Deko, mínísítà ètò ọ̀gbìn, ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Moshav ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe: oko oníkálukú dá wà, ṣùgbọ́n wọ́n jọ ń ra irinṣẹ́, wọ́n sì jọ ń ta irè. Ọ̀dọ́ á kọ́ṣẹ́ ná, kí ìjọba tó fún un ní ilẹ̀, ilé àti owó yíyá. Ìlọrà, Akùfọ̀, Ìjàyè, Èrúwà, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ẹ̀sà-Òkè wà lára ibi tí wọ́n dá a sí. Dókítà Michael Okpara, olórí ìjọba Ẹkùn Ìlà-Oòrùn, náà gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó tó ń lọ lórí ẹnì kan pọ̀ jù. Kòkó, ọ̀pẹ àti rọ́bà tí wọ́n gbájú mọ́ ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kì í so lọ́dún kan tàbí méjì, ọmọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó kò sì fẹ́ jókòó ti igi tí kò tíì so. Ọ̀pọ̀ wọn bá ìgboro lọ.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni ti àwọn àgbẹ̀ abúlé àyíká. Wọ́n mọ ilẹ̀ náà bí ẹní mowó, síbẹ̀ ìrètí ìjọba ni pé wọn yóò wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọkọ́. Àwọn àti alájàpá tó ń ra iṣu, àgbàdo àti gàrí lóko wá sọ́jà ló ń bọ́ Ìbàdàn nígbà yẹn. Ọ̀dọ̀ wọn ni ó yẹ kí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lábẹ́ Gómìnà Ṣèyí Mákindé ti padà sórí oko Fáṣọlá, ọ̀kan lára àwọn sẹ́túmẹ́ǹtì àtijọ́ náà. Ọ̀nà àti iná ni wọ́n kọ́kọ́ mú débẹ̀.