Make ti dàgbà, ṣé ó ti gbó ni?

Bí àkókò iṣẹ́ àṣekágbá bá ti dé báyìí, àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kì í yé jiyàn lórí irinṣẹ́ tó yẹ ká fi kó fáìlì rẹpẹtẹ pọ̀ di odidi ètò kan. Àwọn kan á ní Make ti di ti ayé àtijọ́. Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn rẹ̀ ná.

Ní Bell Labs, ní Amẹ́ríkà, ni Stuart Feldman ti kọ Make lọ́dún 1976. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Steve Johnson, ló fi ìbínú wọlé tọ̀ ọ́ wá: ó ti fi odindi òwúrọ̀ wá àṣìṣe nínú ètò tí kò ní àṣìṣe mọ́. Ó ti tún un ṣe, àmọ́ kò tíì kọ̀ǹpáìlì fáìlì náà. Ti tẹ́lẹ̀ ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Irú ìyà yìí ti jẹ Feldman fúnra rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ọgbọ́n tó dá kò le: kí kọ̀ǹpútà wo ìgbà tí fáìlì kọ̀ọ̀kan yí padà kẹ́yìn, kó sì tún kìkì ohun tó gbára lé èyí tó yí padà kọ́.

Táàbù tó máa ń bí wa nínú yẹn náà ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà tí Feldman fi máa rò ó pé kó yí i padà, àwọn bíi méjìlá ti ń lo Make, kò sì fẹ́ ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Nítorí èèyàn méjìlá!

Lọ́dún 1998, Peter Miller kọ̀wé pé Make kọ́ ló jẹ̀bi bí iṣẹ́ ńlá ṣe ń dàrú. Àwọn èèyàn ló ń pe Make lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú fódà kọ̀ọ̀kan, tí kò sí èyí tó rí gbogbo iṣẹ́ náà tán. Àwa gbà fún un. Síbẹ̀, àwọn oní-Java bá Ant lọ, lẹ́yìn náà Maven, tó máa ń lọ wa ohun tí ètò nílò wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀.

Ibì kan wà tí a kò lè gbèjà Make. Ohun tí a bá kọ fún un ló gbà gbọ́. Bí a bá gbàgbé láti dárúkọ fáìlì kan, kò ní mọ̀ pé ó ti yí padà, ìyà Johnson á sì tún padà wá. Bazel, tí Google gbé síta fún gbogbo ayé lọ́dún 2015, lè sé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ kó má baà rí fáìlì tí a kò dárúkọ. Fún èèyàn mẹ́rin tó ń kọ C, Make tó. Bó bá di ogún èèyàn àti èdè mẹ́ta, ẹ gba ọ̀dọ̀ Bazel lọ, kí ẹ sì ra dátà dání.