Ohun Tí Àlàárì Lè Kọ́ Wa Nípa Táì

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń ṣòwò ní ọjà Adjamé ní ìlú Abidjan. Anago ni àwọn ará Côte d'Ivoire ń pè wọ́n, púpọ̀ nínú wọn ló sì ti Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wá. Níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ ọkùnrin, táì kì í wọ́n: olódòdó wẹ́wẹ́, aláràbarà, tó ń dán bíi sẹ́dà. Pọ́lísítà láti òkè òkun ni púpọ̀ nínú wọn.

Táì yìí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ rí. Mobutu fòfin dè é ní Zaire ní àwọn ọdún 1970. Houphouët-Boigny, tó ṣe ààrẹ Côte d'Ivoire láti 1960 títí tó fi kú ní 1993, kò kọ̀ ọ́. Kóòtù àti táì ni a mọ̀ ọ́n mọ́. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà kọjá ká wọ̀ ọ́ tàbí ká má wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ta ló wà lára rẹ̀?

Ẹ wo ìtàn sẹ́dà tiwa. Inú igbó ni sányán ti wá. Àwọn baba ńlá wa ń ṣa ilé tí kòkòrò rẹ̀ ń kọ́ sára igi, wọ́n ń sè é nínú omi eérú títí yóò fi rọ̀, wọn a ran án ní òwú, wọn a sì hun ún. Wọn kì í rẹ ẹ́ láró. Àwọ̀ tó bá ti igbó wá náà ni wọ́n ń wọ̀ lọ sóde.

Àlàárì yàtọ̀. Ní ọ̀rúndún 19, sẹ́dà pupa láti Yúróòpù gba Tripoli, ràkúnmí gbé e la aginjù Sàhárà kọjá dé Kano, kó tó dé ọwọ́ àwọn ahunṣọ ilẹ̀ Yorùbá. Orúkọ rẹ̀ gan-an ti inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá fún sẹ́dà, al-harir, wá. Síbẹ̀, ta ló lè pe àlàárì ní aṣọ àjèjì lónìí? Orí òfì ló ti di tiwa.

Àwọn òyìnbó náà gba tọwọ́ wa. Wọ́n kó igi osùn láti etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Yúróòpù láti fi rẹ aṣọ ní pupa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn a fi pátákó gbígbẹ́ tẹ òdòdó wẹ́wẹ́ sára sẹ́dà, wọn a sì fi gbòǹgbò ewéko madder rẹ ẹ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ilẹ̀ Jámánì rí ọ̀nà láti ṣe aró yẹn láìlo gbòǹgbò ní 1868, oko madder bẹ̀rẹ̀ sí í parun. Ṣùgbọ́n wọn kò ju àrà náà nù: títí dòní, orúkọ madder ṣì ń ta táì.

Àwa ńkọ́? Sányán gidi ti ṣọ̀wọ́n; òwú ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ló kún orí òfì. Bí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń se ilé kòkòrò náà bá kú láìkọ́ ẹnikẹ́ni, kò sí ràkúnmí tí yóò gbé ìmọ̀ rẹ̀ padà wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa ní Adjamé, ẹ má ju táì nù. Ẹ béèrè táì sányán àti ti àlàárì. Òtítọ́ ni pé aṣọ òfì kì í fẹ̀, télọ̀ sì sábà máa ń gé táì láti igun dé igun kó lè nà kó sì padà sípò. Ìyẹn jẹ́ ohun tí ahunṣọ àti télọ̀ lè jọ jókòó yanjú. Bí oníbàárà bá ń béèrè, ahunṣọ yóò rí ìdí láti kọ́ ọmọ rẹ̀.