Orin Wà Nínú Ìwé, Ohùn Ti Lọ: Àwọn Troubadour àti Àwọn Tó Ń Kọ Orin Wọn Lónìí

Bí ènìyàn bá kọ "igba" sílẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i, báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá igba náírà ni, tàbí igbá omi, tàbí ìgbà òjò? Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ni yóò fi làákàyè rẹ̀ parí iṣẹ́ tí òǹkọ̀wé fi sílẹ̀. Irú ìṣòro yìí ló dojú kọ àwọn tó ń gba orin àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù sínú àwo lónìí, àmọ́ òdìkejì tiwa ni tiwọn. Ìwé sọ fún wọn ibi tí ohùn ti gòkè àti ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí ìwé kò sọ ni bí ohùn kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó, bí orin ṣe yá tó, àti bóyá ohun èlò kankan bá akọrin rìn.

Orin àwọn troubadour ni a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Akéwì tó tún jẹ́ olórin ni troubadour. Gúúsù ilẹ̀ tí à ń pè ní Faransé lónìí ni wọ́n gbé, láti nǹkan bí ọdún 1100 títí di nǹkan bí 1300, èdè Occitan ni wọ́n sì fi ń kọrin. Ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn tí ewì rẹ̀ ṣẹ́ kù ni Guilhem, olórí ilẹ̀ Aquitaine, tí wọ́n bí ní 1071, tó sì kú ní 1126. Àwọn ìjòyè wà láàárín wọn, àwọn mẹ̀kúnnù wà níbẹ̀, a sì mọ orúkọ obìnrin bí ogún. Orin wọn kì í ṣe orin ìsìn. Ìfẹ́ ni wọ́n ń kọ lórin jù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n tún ń kọ ti ogun, ti òṣèlú àti ti yẹ̀yẹ́.

Ewì wọn tó bí 2,500 ló wà lọ́wọ́ wa lónìí, ṣùgbọ́n bí ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ni àmì orin wà fún. Ọ̀rúndún kẹtàlá àti ìkẹrìnlá ni wọ́n kọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé náà, nígbà tí púpọ̀ nínú àwọn tó ni orin ti wà nínú sàréè. Àwọn akọ̀wé to àmì orin sórí ìlà, sílébù kan lẹ́yìn òmíràn. Ní ti bí ohùn ṣe gùn tàbí kúrú, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn àmì náà kò sọ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká wo orin kan ṣoṣo. Obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Comtessa de Dia. Nínú orin rẹ̀ tí a mọ̀ sí "A chantar", ó ń ṣàròyé nípa olólùfẹ́ tó kọ̀ ọ́, tí ẹwà, ìdílé rere àti ọgbọ́n rẹ̀ kò sì ràn án lọ́wọ́. Nínú gbogbo orin àwọn obìnrin troubadour, èyí nìkan ni àmì orin rẹ̀ ṣẹ́ kù. Ẹsẹ márùn-ún àti ìparí kúkúrú ló ní, ṣùgbọ́n ẹsẹ àkọ́kọ́ nìkan ni ìwé tó ní àmì orin kọ sílẹ̀, akọ̀wé náà sì ti da èdè àríwá Faransé pọ̀ mọ́ Occitan. Akọrin tó bá fẹ́ kọ ọ́ tán ní láti mú ohùn orin nínú ìwé kan, kí ó sì lọ wá àwọn ẹsẹ tó kù nínú àwọn ìwé mìíràn. Kí ó tó lanu rárá, ó ti yan nǹkan, ó sì ti so nǹkan pọ̀.

Báwo ni yóò ṣe wá pín àkókò fún àwọn sílébù? Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí èyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Pierre Aubry àti Jean Beck sọ pé kí a to orin náà sínú ìlànà gígùn-kúkúrú tí wọ́n ń lò fún orin ṣọ́ọ̀ṣì ní Paris. Àwọn méjèèjì tilẹ̀ bá ara wọn fà á lórí ẹni tó kọ́kọ́ ronú kàn án. Ní 1972, Hendrik van der Werf kọ èrò yẹn sílẹ̀. Ó ní bí ẹni ń ké ewì ni kí akọrin ṣe, kí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ máa darí ohùn. Ní 1986, John Stevens sọ ní tirẹ̀ pé kí sílébù kọ̀ọ̀kan gba àkókò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí akọrin mẹ́ta bá tẹ̀ lé ọ̀nà mẹ́ta yìí, etí tí kò mọ̀ lè pè é ní orin mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ ohun èlò náà ní àríyànjiyàn tirẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, Thomas Binkley, ọmọ Amẹ́ríkà, kó àwọn akọrin kan jọ ní ìlú Munich ní Jámánì. Studio der frühen Musik ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Binkley ronú pé ilẹ̀ àwọn troubadour kò jìnnà sí Sípéènì tí àwọn Mùsùlùmí ń ṣàkóso nígbà náà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè: ó lọ fetí sí àwọn olórin Mòrókò tí wọ́n ṣì ń kọ orin tó ti Andalusia wá. Nínú àwo ẹgbẹ́ rẹ̀, ohun èlò olókùn a máa ṣíwájú orin fún ìgbà pípẹ́, a sì máa dáhùn láàárín ẹsẹ. Ó dùn létí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì tẹ̀ lé e.

Ní àwọn ọdún 1980, Christopher Page, onímọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó dá ẹgbẹ́ Gothic Voices sílẹ̀ ní 1980, béèrè pé ẹ̀rí dà. Ó tú àwọn ìwé àtijọ́ wò, ó sì sọ pé ó jọ pé ohùn ènìyàn nìkan ni ó yẹ orin ìfẹ́ tó ga jù lọ, àti pé orin tó rọrùn, orin ijó, ni ohun èlò bá mu jù. Síbẹ̀ ẹ̀rí kò ṣaláìsí ní apá kejì. Ìtàn ìgbésí ayé kúkúrú tí wọ́n kọ nípa Perdigon, ọ̀kan nínú àwọn troubadour, sọ pé ó mọ ohun èlò bíi gòjé ta dáadáa, ó sì mọ orin hun. Àmọ́ kò sí ìwé kankan tó kọ ohun tí gòjé náà sọ sílẹ̀ fún wa.

Ṣé irọ́ ni àwọn àwo wọ̀nyí ń pa, nígbà náà? Rárá o. Orin tí a kò bá kọ ti kú sínú ìwé. Nígbà tí Montserrat Figueras kọ orin àwọn obìnrin troubadour sínú àwo pẹ̀lú ẹgbẹ́ Hespèrion XX ní ìparí àwọn ọdún 1970, ó fi ohùn obìnrin padà sí ibi tí akọ̀wé ti fi àmì lásán sílẹ̀. Ibi tí ewu wà ni pé àwo kì í sọ ibi tí ìwé parí sí àti ibi tí akọrin ti bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ ẹyọ kan yóò rò pé òun ti gbọ́ Comtessa fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó gbọ́ ni ìtumọ̀ tí akọrin ayé òde òní fún un.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé àwa Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Nígbà tí Adéboyè Babalọlá gbé ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní 1966, àwọn ọdẹ tó ń sun ìjálá ṣì wà láàyè, a sì lè fi etí ara wa gbọ́ ohun tí ìwé náà ń sọ. Àwọn troubadour kò ní irú oore-ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí àwa náà bá jẹ́ kí ìjálá àti ẹkún ìyàwó di ohun tí à ń kà fún ìdánwò nìkan, àwọn ọmọ wa yóò máa méfò ohùn bàbá wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbìyànjú èyí nínú kíláàsì. Ẹ wá àwo méjì tí akọrin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti kọ "A chantar", kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ méjèèjì. Kí wọ́n kọ sílẹ̀: ta ni ó yára jù? Ohun èlò mélòó ni wọ́n gbọ́? Ẹsẹ mélòó ni akọrin kọ? Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n léèrè èwo nínú gbogbo ohun tí wọ́n gbọ́ ni ìwé sọ, èwo sì ni akọrin yàn fúnra rẹ̀. Ọmọ tó bá mọ ìyàtọ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìtàn kà.