Obìnrin Aláṣẹ Nínú Fíìmù Yorùbá

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, pápá ìṣeré kan ní Ìbàdàn kún fọ́fọ́ nítorí obìnrin kan tó ti kú láti 1874. Ẹ̀fúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, ni. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ eré tí wọ́n ṣe nípa rẹ̀ níbẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèré Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá ló gbé e jáde, kò sì pẹ́ tó fi di fíìmù. Ìkà paraku ni Ẹ̀fúnṣetán inú eré: ẹrúbìnrin tó bá lóyún, orí rẹ̀ lọ. Ìtàn ní ọ̀rọ̀ mìíràn láti sọ. Obìnrin yìí ló ń fi ohun ìjà wín àwọn ológun Ìbàdàn, ìgbà tó sì kọ̀ láti máa wín wọn mọ́ ni Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, dójú lé e. Fíìmù kò fi bẹ́ẹ̀ kan ibẹ̀. Láti ìgbà náà, obìnrin tó bá lówó tó sì lẹ́nu láwùjọ, ìkà tàbí àjẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe. Ó dùn mí.

Ìdílé Ìgbómìnà kan lọ́wọ́ nínú bí nǹkan ṣe ń yí padà. Agbamu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn ní ìpínlẹ̀ Kwara, ni Adéyẹmí Afọláyan, tí wọ́n ń pè ní Adé Love, ti wá. Òun ló ṣe Ìjà Òmìnira ní 1979 àti Ìyá Ni Wúrà ní 1984. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Tóyìn Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Lọlá Ìdíje, tẹ̀lé e wọṣẹ́. Bí màmá yìí bá ti wọlé nínú fíìmù, tọkọtaya tó ń jà á panu mọ́.

Ọmọ Adé Love, Kúnlé, ló gbé Aníkúlápó jáde ní 2022. Ẹ wo Arólakẹ́, olorì tí Bímbọ́ Adémóyè ṣe, níbi tó ti bá òkú Ṣáró, olólùfẹ́ rẹ̀, nínú igbó. Ẹyẹ Àkàlà ń jí òkú náà. Arólakẹ́ kò sá. Ó kọlu ẹyẹ, àdó agbára sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ṣáró ló gbayì lórí ajíǹde, ṣùgbọ́n obìnrin ló gba agbára náà wá. Nígbà tí Ṣáró ṣe aláìmoore, obìnrin náà ló gbà á padà.

Nínú fíìmù yìí kan náà ni Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ti ṣe Awárùn, obìnrin olówó kan. Òun náà ló ṣe Alhaja Ẹniọlá Sàlámì inú King of Boys tí Kẹ́mi Adétiba ṣe ní 2018: oníṣòwò, ọ̀rẹ́ àwọn olóṣèlú, ọ̀gá àwọn ọ̀daràn Èkó. Ó ń pàṣẹ, ó sì ń sunkún ọmọ. Ohun tó jẹ́ kí èrò fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, nítorí pé kò sí Yorùbá tí kò mọ Ìyálọ́jà kan tó rí bẹ́ẹ̀.

Obìnrin aláṣẹ kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Ìgbómìnà. Ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, obìnrin pọ̀ láàárín àwọn ère òkúta: wọ́n dirun, wọ́n jókòó bí ẹni tó ń ṣèpàdé ìlú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fíìmù ní Kwara, ẹ lọ wò wọ́n kí ẹ tó kọ eré yín tó kàn.