Àga Tó Wà Lẹ́nu Ilẹ̀kùn

Aago 1:40 ọ̀sán. A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ilé oúnjẹ kan ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Èrò kún bámúbámú. Wọ́n gbé àga ọmọdé fún ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná gan-an.

Aago 2:05. Ọmọbìnrin kan fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà jáde pẹ̀lú tíréè. Àwo pẹ́pẹ́ súùpù ewúrẹ́ mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀, ooru ń yọ lára wọn. Ọmọ na ọwọ́ sókè. Àwo kan yẹ̀, ó dà sí i ní apá àti àyà.

Kí n tó dìde, ẹnì kan ti ń pariwo epo pupa, ẹlòmíràn ń wá ẹyin. Ìyá tó ń ro àmàlà nínú ilé ìdáná ló sáré jáde, ó gba ọmọ, ó gbé e lọ sábẹ́ ẹ̀rọ omi. Omi tútù tó ń ṣàn, kì í ṣe yìnyín. Ó bọ́ ẹ̀wù ọmọ, ó tú gèlè orí ara rẹ̀, ó fi wé ẹsẹ̀ ọmọ kí òtútù má baà mú un. Ojú rẹ̀ wà lára aago ògiri: ogún ìṣẹ́jú.

"Ẹ jẹ́ kó ké. Omi yìí ló máa gba iná lára ẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Bí ọbẹ̀ bá ti dà kúrò, ooru ṣì ń jẹ ara lọ lábẹ́ awọ, epo á sì há a mọ́bẹ̀.

Aago 2:28. Ó tẹ́ ọ̀rá fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń bo oúnjẹ lé ojú iná náà, kò dì í. Áńbúláǹsì gbé ọmọ àti ìyá rẹ̀ lọ.

Aago 3:00. Ẹni tó ni ilé oúnjẹ ní, "Ẹ̀yin ìyá, ṣebí òbí ló ń mójú tó ọmọ?" Bẹ́ẹ̀ ni, òbí ní ìpín tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 1957, Occupiers' Liability Act, sọ pé kí ẹni tó bá ni àkóso ibì kan mọ̀ pé ọmọdé kò lè ní ìṣọ́ra bí àgbà. Ta ló gbé àga síbẹ̀?

Aago 3:30. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìjàǹbá pé "ọmọ ń ṣeré." Mo ní kó kọ ibi tí àga wà, kó kọ ọ́ pé ilẹ̀kùn náà kò ní gíláàsì téèyàn lè wò kọjá, kó má sì pa fídíò kámẹ́rà ọjọ́ náà rẹ́. Nítorí pé láti ibẹ̀ tààrà ni wọ́n ti gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn fún ìtọ́jú, ó tún gbọ́dọ̀ fi tó Health and Safety Executive, àjọ tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́, létí.

Aago 7:15. Àbúrò mi pè: iná náà kò wọlé jìnnà, dókítà sì ní omi yẹn ló ràn án lọ́wọ́.

Aago 9:00 alẹ́. Oní-ilé oúnjẹ pè, ó bẹ̀bẹ̀, ó ní ká parí ẹ̀ láàárín ara wa. Àbúrò mi dúpẹ́, ó ní òun kò kánjú. Ní England, ọmọ náà ní àǹfààní títí yóò fi pé ọdún 21 láti pe ẹjọ́. Ohun tó fẹ́ kó tó di Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kọ́ ohun tí ìyá alámàlà yẹn mọ̀.