Ohun Tó Wà Nínú Ikùn Àga: Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Sófà Aláwọ Chesterfield àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Tó Gbé E Ró

Ìfáàrà

Bí a bá dé ilé ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́lá ní London, yàrá àwọn adájọ́ tàbí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà báǹkì, a kì í wá irú sófà kan tì níbẹ̀. Awọ ni wọ́n fi bò ó látòkè délẹ̀. Apá rẹ̀ ga dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀, etí wọn sì ká síta bí ẹní tí wọ́n ká sápá kan. Bọ́tìnnì rì sínú rẹ̀ ní ìtò-ìtò, awọ tó wà láàárín wọn sì wú sókè ní igun mẹ́rin mẹ́rin. Chesterfield ni wọ́n ń pè é.

Ìbéèrè méjì ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dáhùn: níbo ni àga yìí ti ṣẹ̀ wá, báwo sì ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń ṣe é? Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ máa ń ya ìbéèrè méjèèjì sọ́tọ̀. Wọ́n á sọ ìtàn ìjòyè kan tán kí wọ́n tó mẹ́nu ba igi àti awọ. Ní tiwa, inú igi àti awọ náà gan-an la ti máa wá ìtàn, nítorí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Èrò wa ni pé ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ tí a kò mọ orúkọ wọn ló bí Chesterfield ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àti pé àwọn aláwọ ilẹ̀ Haúsá ní ìpín nínú ìtàn àga aláwọ tó ṣáájú rẹ̀.

Ìtàn ìjòyè kan

Ìtàn tó gbilẹ̀ jù ni ti Philip Stanhope, Earl kẹrin ti Chesterfield, tí wọ́n bí ní 1694 tó sì kú ní 1773. Olóṣèlú ni, ó ti ṣe aṣojú ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní The Hague rí, àmọ́ àwọn lẹ́tà tó kọ sí ọmọ rẹ̀ lórí ìwà àti ìṣe láwùjọ ló sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá nígbà tí wọ́n tẹ̀ wọ́n jáde ní 1774. Wọ́n ní ó pe káfíńtà kan, ó ní kó ṣe àga tí ọlọ́lá lè jókòó lé ní ìnàró ṣánṣán tí aṣọ rẹ̀ kò ní rún. Àwọn mìíràn tún fi kún un pé nígbà tó ń kú lọ, ó ní kí wọ́n fún àlejò rẹ̀, Dayrolles, ní àga. Ìránṣẹ́ rẹ̀ ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́, ó sì jẹ́ kí àlejò gbé àga lọ sílé.

Ìtàn náà dùn létí, ó sì bá irú ẹni tí Stanhope jẹ́ mu. Síbẹ̀, àwọn òpìtàn kò rí lẹ́tà, ìwé owó tàbí àkọsílẹ̀ ẹrù kankan láti ìgbà ayé rẹ̀ tó tì í lẹ́yìn. Kò sí ẹ̀rí pé ìlú Chesterfield ní Derbyshire, tí oyè náà ti wá, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é. Ẹ̀rí tó lágbára jù lòdì sí ìtàn yìí wà nínú ikùn àga fúnra rẹ̀, a ó sì dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Àga aláwọ ṣáájú Chesterfield

Fífi awọ ṣe ìjókòó kò bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ti ń na awọ sórí àpótí ìjókòó tó ṣeé ká. Ní Yúróòpù, Spéìn ló gba iwájú: lábẹ́ ìjọba àwọn Mùsùlùmí, Córdoba di ibùdó awọ ewúrẹ́ rírọ̀, òkìkí rẹ̀ sì kàn jákèjádò Yúróòpù. Nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń na awọ sórí àga onígi, wọ́n ń fi ìṣó idẹ olórí rogodo kàn án mọ́ etí rẹ̀. Àga náà le koko, nítorí kò sí ohun púpọ̀ láàárín awọ àti igi.

Sófà onítìmùtìmù náà ti wà nígbà yẹn, àmọ́ aṣọ ni wọ́n sábà fi ń bò ó. Àga gígùn kan wà ní ilé ńlá Knole ní Kent, láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún kan náà, tí apá rẹ̀ méjèèjì ṣeé dà sílẹ̀. Àrán pupa ni wọ́n fi ṣe ìbora rẹ̀. Nígbà tí Thomas Chippendale tẹ ìwé àwòrán ohun èlò ilé rẹ̀ jáde ní 1754, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìlà ìṣó idẹ kan tàbí méjì ni wọ́n sábà ń kàn sí etí ìjókòó. Ìwé George Hepplewhite, tí opó rẹ̀ Alice tẹ̀ jáde ní 1788 lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, sì dárúkọ awọ Morocco, pupa tàbí búlúù, fún àga. Ibi tí irú awọ bẹ́ẹ̀ ti ń wá yẹ ní yíyẹ̀wò.

Awọ pupa láti ilẹ̀ Haúsá

Kì í ṣe Morocco nìkan ni awọ tí Yúróòpù ń pè ní awọ Morocco ti ń wá. Kano, Sókótó àti àwọn ìlú Haúsá mìíràn ń ṣe awọ ewúrẹ́ àti ti àgùntàn tó rọ̀ tó sì pupa fòò. Ràkúnmí ló ń rù ú gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, ó di etí òkun Àríwá Áfíríkà, ibẹ̀ ló sì ti ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Yúróòpù. Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ọmọ Jámánì tó dé Kano ní 1851, kọ ọ́ sílẹ̀ pé awọ àgùntàn pupa tí wọ́n fi omi póròpórò bàbà pa láró ń lọ lọ́pọ̀lọpọ̀ títí dé Tripoli.

Iṣẹ́ àwọn aláwọ wọ̀nyí ní ètò. Wọ́n á rẹ awọ sínú omi eérú kí irun rẹ̀ lè tú. Wọ́n á fá irun àti ẹran tó lẹ̀ mọ́ ọn kúrò, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì rì í sínú omi èso igi tí àwọn Haúsá ń pè ní bagaruwa, tí wọ́n ti gún. Oje èso yìí ló ń wọ inú awọ lọ, tó ń dì í mú kó má bàa jẹrà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi òróró pa á kó lè rọ̀, wọ́n á sì pa á láró. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn oníṣọ̀nà awọ Ọ̀yọ́ ń fi awọ ṣe làbà Ṣàngó, abẹ̀bẹ̀ àti tìmùtìmù, ìjókòó aláwọ tí kò ní igi nínú rárá.

Bí awọ ṣe ń di awọ àga

Láyé Ọbabìnrin Victoria, Bermondsey, ní gúúsù odò Thames ní London, ni olú ibùdó iṣẹ́ awọ. Omi láìmù, irú èyí tí wọ́n fi ń kun ilé, ni wọ́n ń lò níbẹ̀ láti tú irun. Ọ̀bẹ olójú gbọọrọ tó ní èèkù lọ́tùn-ún lósì ni wọ́n fi ń fá a lórí ìtì igi. Ìgbẹ́ ajá ni wọ́n fi ń mú awọ ewúrẹ́ rọ̀. Henry Mayhew, oníròyìn tó kọ̀wé lórí àwọn tálákà London ní 1851, ṣàlàyé bí àwọn arúgbó àti aláìní ṣe ń ṣa ìgbẹ́ yìí káàkiri ìgboro, tí wọ́n ń tà á ní garawa fún àwọn aláwọ Bermondsey. Awọ rírọ̀ tí àwọn ọlọ́lá ń fọwọ́ pa, ọwọ́ ẹni tí kò rí oúnjẹ òòjọ́ jẹ ló kọ́kọ́ kọjá.

Awọ màlúù ní tirẹ̀ á wọ kòtò omi èèpo igi oak. Inú omi tó fúyẹ́ ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa gbé e lọ sínú èyí tó túbọ̀ ki, nítorí bí wọ́n bá sọ ọ́ sínú omi kíki lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ojú rẹ̀ á le, oje kò sì ní wọ àárín. Iṣẹ́ náà lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ J. & F. J. Baker ní Colyton, ní Devon, ṣì ń ṣe awọ lọ́nà yìí, ní pàtàkì fún bàtà àti gàárì.

Awọ màlúù nípọn ju ohun tí a lè ṣẹ́po sórí àga lọ, nítorí náà wọ́n á là á sí ipele méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ipele òkè, níbi tí irun ti hù, ló lágbára jù, òun sì ni oníṣẹ́ gidi ń lò. Sófà oníjókòó mẹ́ta kan lè gba awọ màlúù mẹ́rin tàbí márùn-ún, nítorí wọ́n á yẹra fún ojú àpá, ojú ẹ̀gún àti awọ ikùn tó máa ń nà.

Igi, sípíríǹgì àti irun ẹṣin

Igi beech ni àwọn oníṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn fún egungun àga, nítorí ó ń di ìṣó mú ṣinṣin láìsán. Bẹ́líìtì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ọ̀họ hun ni wọ́n á kọ́kọ́ fà le koko lábẹ́ ìjókòó, tí wọ́n á gbé e kọjá ara wọn. Orí bẹ́líìtì yìí ni wọ́n á rán sípíríǹgì mọ́. Wọ́n á wá fi okùn de orí sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà mẹ́jọ: síwájú, sẹ́yìn, sí ọ̀tún, sí òsì àti sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ènìyàn bá jókòó lé ọ̀kan, àwọn tó yí i ká á bá a gbé e.

Ibí yìí ni ìtàn ìjòyè ti fọ́. Ní 1822, Georg Junigl gba ìwé àṣẹ ní Vienna lórí àga onísípíríǹgì. Ní 1828, Samuel Pratt gba tirẹ̀ ní London. Stanhope ti lo ọdún márùndínlọ́gọ́ta nínú sàréè nígbà náà. Ìgbà tí sípíríǹgì wọlé ni ìjókòó tó nípọn wọ́pọ̀, ìgbà yẹn náà sì ni àṣà kí bọ́tìnnì rì jinlẹ̀ gbilẹ̀, nítorí ohun tó kún inú àga ń fẹ́ ohun tí yóò dè é mọ́lẹ̀. Àga tí a mọ̀ ní Chesterfield lónìí kò lè ti ayé Stanhope wá.

Irun gọ̀gọ̀ àti ìrù ẹṣin ló ń wà lórí sípíríǹgì. Wọ́n á fọ irun náà, wọ́n á lọ́ ọ bí okùn, wọ́n á sè é, wọ́n á sì jẹ́ kó gbẹ. Bí wọ́n bá tú okùn náà, irun á ti ká kọrọdọ, á máa ta padà nígbàkígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Aṣọ àpò ni wọ́n fi ń bò ó, wọ́n á sì fi abẹ́rẹ́ gígùn rán etí rẹ̀ títí tí yóò fi le.

Bọ́tìnnì, ìṣẹ́po àti ìṣó idẹ

Fífi awọ bo àga ni ìdánwò gidi. Oníṣẹ́ á fi ẹfun sàmì sí ẹ̀yìn awọ níbi tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan yóò wà, á sì fi àyè sílẹ̀ fún ìwọ̀n tí yóò rì. Á gba okùn bọ́tìnnì nínú awọ, irun àti aṣọ àpò kọjá sí ẹ̀yìn àga, á ta á ní kókó tó ṣeé sún, á sì máa fà á díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo wọn yóò fi rì dọ́gba. Igi pẹlẹbẹ ni yóò fi tẹ ìṣẹ́po láti bọ́tìnnì kan sí èkejì. Lára ẹ̀yìn àga, ojú ìṣẹ́po gbọ́dọ̀ kọ sísàlẹ̀ kí eruku má bàa ríbi gbé. Kò sì gbọdọ̀ ṣi abẹ́rẹ́ gún: ihò abẹ́rẹ́ lára aṣọ lè pòórá, ti ara awọ kì í dí.

Bó bá kan ìṣó kéékèèké, àwọn àgbà oníṣẹ́ máa ń kó o sẹ́nu. Wọ́n á fi ahọ́n yí ìṣó títí orí rẹ̀ yóò fi kọjú síta, òòlù onímágínẹ́ẹ̀tì á mú un lẹ́nu wọn tààrà, ọwọ́ kejì á sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ láti fa awọ. Ìṣó idẹ ló kẹ́yìn, wọ́n á tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan sí iwájú apá àga.

Láti ilé ẹgbẹ́ dé pálọ̀

Irú ilé ẹgbẹ́ bíi Reform Club, tí wọ́n ṣí ilé rẹ̀ ní Pall Mall, ní London, ní 1841, ni àga aláwọ bá mu jù: òórùn sìgá kì í wọ awọ lára bó ṣe ń wọ aṣọ, ọtí tó bá sì dà sí i ṣeé nù. Ní 1884, Augustus Schultz gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà lórí fífi kúrómíọ̀mù ṣe awọ, iṣẹ́ oṣù púpọ̀ sì di iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú awọ ayé lónìí. Ní Ítálì, Renzo Frau dá ilé iṣẹ́ Poltrona Frau sílẹ̀ ní Turin ní 1912, Chester, irú Chesterfield tirẹ̀, sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Long Eaton ní Derbyshire, ìlú tó ti ń ṣe léèsì tẹ́lẹ̀, di ibùdó àwọn tó ń ṣe sófà.

Fóòmù ti gba ipò irun ẹṣin ní ọ̀pọ̀ ibi. Èyí tó burú jù ni awọ àlọ̀pọ̀: wọ́n á lọ ègé awọ, wọ́n á fi gúlúù pò ó, wọ́n á sì da ike lé e lójú. Irú rẹ̀ ló ń bó lára àga ní pálọ̀ wa láàárín ọdún díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra àga aláwọ, kó yí etí awọ padà: ẹ̀yìn awọ gidi ní fọ́nrán bíi ti ẹran, ti àlọ̀pọ̀ jọ aṣọ tàbí páálí. Kó tẹ ojú rẹ̀ pẹ̀lú: awọ gidi á hun, á sì nà padà.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí a rí nínú àyẹ̀wò yìí ni pé ìtàn Stanhope kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Pé sípíríǹgì, irun ẹṣin àti bọ́tìnnì ló sọ àga aláwọ di Chesterfield ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àti pé awọ àwọn ìlú Haúsá wà lára ọjà tó mú àga aláwọ gbajúmọ̀ ní Yúróòpù. Oyè ló gba orúkọ, iṣẹ́ ọwọ́ ló ni àga.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ bí wọ́n ṣe ń fa bẹ́líìtì àti bí wọ́n ṣe ń de sípíríǹgì nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. A ń rọ àwọn olùwádìí èdè àti àṣà Yorùbá kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣọ̀nà awọ Ọ̀yọ́, kí wọ́n sì kọ ètò iṣẹ́ tìmùtìmù sílẹ̀ ní èdè wa: awọ tí wọ́n ń lò, aró rẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń kún inú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń rán an, àti orúkọ irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.